A Gbọ́, A sì Kọjá sí Ọ̀rọ̀ Mìíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní òwe yìí. Mo ti ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lò ó nínú gbólóhùn, kí wọ́n sì wá òwe mìíràn tí ó bá a tan. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó yẹ kí èmi fúnra mi fi òwe náà ṣèwà hù, mo kùnà. Ọ̀rọ̀ ìkùnà yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun èlò kan tí gbogbo wa ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn tiransifọ́mà tí ó ń pín iná mànàmáná sí àdúgbò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ má ṣe bi mí pé kí ni olùkọ́ Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ iná. Bí ẹ bá bá mi dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbígbọ́ ni, ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kíkà sì ni. Iṣẹ́ wa ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tiransifọ́mà àdúgbò wa wà ní oríta, lẹ́bàá ògiri ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa onílé àti ayálégbé ni a dá owó jọ tí a fi rà á. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, àwọn ọmọdé jó, àwọn ìyá hó yèè, pásítọ̀ àti àáfà sì gbàdúrà lé e lórí. Nígbà náà, ilé tí ó ń fa iná lára rẹ̀ kò pé ogójì. Nígbà tí yóò fi pé ọdún mẹ́jọ, wọ́n ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí kò ní ju gílóòbù mẹ́ta lọ tẹ́lẹ̀ ti ra fírísà. Ẹni tí ó ní fírísà ti ra ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá ẹrù náà ti wúwo jù fún ẹni tí ó ń gbé e.

Ènìyàn méjì ni ó sún mọ́ ọn jù láàárín wa. Èkíní ni ìyá kan tí ó máa ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Alákàrà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnì kejì ni bàbá arúgbó kan, onídùndún, tí fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí tiransifọ́mà náà gan-an. Bàbá Onílù ni à ń pe òun.

Ní ìpàdé àdúgbò kan ní oṣù Kejì, nígbà tí ooru mú gidigidi, Bàbá Onílù dìde sọ̀rọ̀. Èmi ni akọ̀wé. Ó ní: "Alága, ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Ohùn ẹ̀rọ iná yẹn ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni ó ń fọ̀, bí ìlù tí ọṣán rẹ̀ le. Ní báyìí, ó ń gbọ̀n bí ìlù tí ọṣán rẹ̀ ti dẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì dákẹ́ lóru, mo máa ń gbọ́ ohun kan nínú rẹ̀ tí ó ń ta pàrà-pàrà, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ó máa kì yín ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó ní a ti gbọ́. Èmi náà kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìpàdé náà, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, nígbà tí oníkálukú ti ti ibi iṣẹ́ dé, tí gbogbo ilé sì ti tan iná, tiransifọ́mà náà bú gbàù. Epo gbígbóná tú jáde pẹ̀lú iná. Ìyá Alákàrà ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láti máa lọ sílé. Epo náà dà sí i ní apá òsì àti ní ẹ̀yìn. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n apá náà kò nà tán mọ́ títí di òní, kò sì dín àkàrà mọ́. Àdúgbò wa wà nínú òkùnkùn fún oṣù márùn-ún kí a tó rí owó òmíràn dá jọ.

Bàbá Onílù kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó sọ fún mi ní ọjọ́ tí a pàdé lọ́nà mọ́ṣáláṣí: "Akọ̀wé, ìwọ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀." Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó fi tù mí nínú ni, tàbí ó fi dá mi lẹ́bi.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi àtijọ́ kan tó wá kí mi nílé ní ìparí ọdún 2025. Ó ti wà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ó ń kọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni mo wá yá lọ́wọ́ yín." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó jókòó. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá òun dá lórí bí a ṣe lè tètè mọ̀ pé tiransifọ́mà ń ṣàìsàn kí àìsàn náà tó dé gbẹ́gẹ́dẹ́. Òun fẹ́ fi àwọn ohun èlò kan sára èyí tí ó wà ní àdúgbò wa. Iléeṣẹ́ tí ó ń pín iná ti fún òun láyè, ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà àdúgbò ní àfi kí òun kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn ní èdè tí àwọn gbọ́.

Mo ní, "Ṣàlàyé fún èmi ná. Bí ó bá yé mi, yóò yé wọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ara ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ní ìlú Budapest ní ọdún 1885, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta, Károly Zipernowsky, Ottó Bláthy àti Miksa Déri, ṣe irú tiransifọ́mà tí ó wúlò fún pípín iná káàkiri ìlú. Ọgbọ́n tí wọ́n dá nígbà náà kò tíì di ìgbàgbé. Irin ni ó wà láàárín. A wé wáyà bàbà mọ́ irin náà ní ọ̀wọ́ méjì. Iná gba ọ̀wọ́ kìíní wọlé, agbára òòfà inú irin náà á sì gbé e fún ọ̀wọ́ kejì láìjẹ́ pé wáyà méjèèjì fara kan ara wọn. Bí iye ìgbà tí a wé ọ̀wọ́ kejì bá kéré sí ti èkíní, agbára iná tí yóò jáde á lọ sílẹ̀. Báyìí ni tiransifọ́mà ojú pópó ṣe ń gba 11,000 fólítì, tí ó sì ń sọ ọ́ di 415 kí ó tó máa bọ̀ ní ilé wa. Bébà ni a fi wé wáyà náà kí iná má baà fò láti ibì kan sí ibòmíràn. A wá ri gbogbo rẹ̀ sínú epo, kí epo náà máa gbé ooru kúrò lára rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ìró rẹ̀ ńkọ́?" N kò sọ ìdí tí mo fi bèèrè.

Ó ní irin inú rẹ̀ ni ó ń nà tí ó sì ń súnkì, ní ẹ̀ẹ̀mejì fún ìyípo iná kọ̀ọ̀kan. Iná tiwa ní Nàìjíríà máa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà irin náà á gbọ̀n ní ìgbà 100. Ìyẹn ni ìkùn tí a ń gbọ́. Bí ohun tí ó di irin àti wáyà mú bá ti tú, ìkùn náà á yí padà. Bí iná bá sì ti ń fò díẹ̀díẹ̀ níbi tí bébà ti gbó, á máa ta pàrà-pàrà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Onílù fún un nígbà náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Sà, Bàbá yẹn kò ṣàwàdà. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá ń wá kiri ni etí wọn gbọ́." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn.

Ó tẹ̀ síwájú. Bí dókítà ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ láti mọ àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń fa epo tiransifọ́mà láti mọ gáàsì tí ó ti yọ́ sínú rẹ̀. Bí nǹkan bá ń ṣe é nínú, epo náà á máa já sí wẹ́wẹ́, á sì máa bí gáàsì. Irú gáàsì tí ó bá pọ̀ ni yóò sọ irú àìsàn tí ó wà níbẹ̀. Bí iná bá ń ta díẹ̀díẹ̀, haidirójìn ni yóò pọ̀. Bí epo bá gbóná rékọjá, ẹ́tílíìnì ni. Gáàsì yìí kan náà ni ó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bò mọ́ inú àpò, òun ni ó ń mú un pọ́n. Bí iná bá ń sán bí ààrá kékeré nínú epo, asẹ́tílíìnì ni yóò jáde, ìyẹn gáàsì tí àwọn jórinjórin ń rí nígbà tí wọ́n bá da omi sí kábáàdì. Bí ó bá sì jẹ́ bébà ni ooru ń jẹ, kábọ́ọ̀nù mónósáìdì á fara hàn.

Ní ọdún 1921, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Max Buchholz ṣe ohun èlò kan tí a máa ń fi sójú ọ̀nà páìpù tí ó wà lórí tiransifọ́mà ńlá. Bí gáàsì bá ń ru sókè láti inú epo, inú ohun èlò yìí ni yóò kóra jọ sí, á ti omi-epo sísàlẹ̀, nǹkan tí ó léfòó níbẹ̀ á wálẹ̀, aago á sì dún. Ó wúlò títí di òní, ṣùgbọ́n àwọn tiransifọ́mà kéékèèké ojú pópó kì í sábà ní in. Ní ọdún 1974, Michel Duval, onímọ̀ kan ní Québec ní ilẹ̀ Kánádà, ya igun mẹ́ta kan. Ó fi ìwọ̀n gáàsì mẹ́ta, mítéènì, ẹ́tílíìnì àti asẹ́tílíìnì, sí etí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí àmì bá bọ́ sí nínú igun mẹ́ta náà ni yóò sọ orúkọ àìsàn. Ara àkọsílẹ̀ àwọn tiransifọ́mà tí ó ti bàjẹ́, tí wọ́n tú wò, ni ó ti rí ààlà tí ó fà.

Ohun tí ó wá kù fún akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí ni orúkọ. Ó ní, "Sà, kí ni kí n máa pe sẹ́ńsọ̀ níwájú àwọn bàbá? Ohun kékeré kan ni, tí a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Ọ̀kan ń mọ ooru, ọ̀kan ń mọ ìwọ̀n iná, ọ̀kan ń gbọ́ ìró."

Mo ronú títí, òwe mi àtijọ́ sì sọ sí mi lọ́kàn. Nínú èdè wa, kì í ṣe ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ewu ń bọ̀, ara ni. A máa ń ní "ara fu mí." Mo ní, "Máa pè é ní afura." Inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní òmíràn ṣì kù: kọ̀ǹpútà tí yóò gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn afura, tí yóò sì fi ìròyìn náà kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. A jọ gbà pé ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí a máa pe ìyẹn.

Mo bi í pé, báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́? Ó ní Duval fi ojú ara rẹ̀ wo àkọsílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ààlà. Ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ ń fa ààlà fúnra rẹ̀. A kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ tiransifọ́mà fún un: ooru wọn, ẹrù tí wọ́n gbé, ìró wọn, gáàsì inú wọn, àti ohun tí ó padà ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí yè. Èyí kú, ohun tí ó pa á nìyí. Ẹ̀rọ náà á máa wá ohun tí àwọn tí ó kú fi jọra kí wọ́n tó kú. Nígbà tí a bá wá gbé èyí tí kò rí rí síwájú rẹ̀, á sọ ibi tí ó jọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ Àyàn ṣe ń kọ́ ìlù: kò sí ẹni tí ó ka òfin sí i létí, ó gbọ́ títí ó fi mọ ohun tí ó tọ́ yàtọ̀ sí ohun tí kò tọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣùgbọ́n ọmọ Àyàn kì í tan ara rẹ̀ jẹ bí ẹ̀rọ ṣe lè tan ènìyàn jẹ. Ó fún mi ní ìṣirò kan tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ gbọ́. Ká ní tiransifọ́mà 1,000 ni a kó àkọsílẹ̀ wọn fún ẹ̀rọ, tí 10 péré nínú wọn ń ṣàìsàn. Bí ẹ̀rọ náà bá ya ọ̀lẹ, tí ó ní gbogbo wọn ni ara wọn dá ṣáká, yóò gba 990 nínú 1,000. Ìyẹn jẹ́ 99 nínú 100. Bí ọmọ kan bá gba irú máàkì yẹn ní kíláàsì wa, a ó ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò rí aláìsàn kankan, bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn aláìsàn ni a ṣe ṣe é. Bí ó bá sì wá ń fura sí gbogbo wọn, á dà bí ajá tí ó ń gbó onílé àti olè bákan náà. Láìpẹ́, kò sí ẹni tí yóò dìde sí i mọ́. Nítorí náà, kí á tó yin ẹ̀rọ, ó yẹ kí á bèèrè iye aláìsàn tí ó rí, àti iye ìgbà tí ó pariwo lásán.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó sọ ni ó dùn mí jù. Ẹ̀rọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn tiransifọ́mà ilẹ̀ òtútù kò mọ tiwa. Tiwa ń gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ nínú ooru oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Òṣùwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ń lò sọ pé bí ibi tí ó gbóná jù nínú rẹ̀ bá fi 6 °C kọjá ìwọ̀n tí a ṣe é fún, bébà inú rẹ̀ á máa gbó ní ìlọ́po méjì. Bí ó bá fi 12 kọjá, á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá fi 18 kọjá, á di ìlọ́po mẹ́jọ, tí ọdún kan á máa jẹ ọjọ́ ayé ọdún mẹ́jọ. Iná tiwa tún ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbàkígbà tí ó bá sì dé, gbogbo fírísà á jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn tiwa yàtọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ ọ́? Nígbà tí tiransifọ́mà bá kú lọ́dọ̀ wa, wọn á gbé òkú rẹ̀ lọ, a ó ra òmíràn, ìtàn rẹ̀ á sì bá a lọ.

Mo ní, "Àkọsílẹ̀ nìkan ni ìṣòro wa, nígbà náà."

Ó mi orí. "Rárá, sà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Heathrow."

Mo rántí. Àwọn ará wa tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Èkó àti London mọ pápákọ̀ òfurufú náà dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2025, tiransifọ́mà ńlá kan gbiná ní ibùdó iná North Hyde ní ìwọ̀-oòrùn London, níbi tí Heathrow ti ń gba iná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti pápákọ̀ náà pa. Ó lé ní 1,000 ìrìnàjò ọkọ̀ òfurufú tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ka ìjábọ̀ tí NESO, àjọ tí ó ń darí ètò iná ilẹ̀ náà, gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2025. Ibi tí iná alágbára ti ń gba inú ìkarahun tiransifọ́mà náà wọlé ni ó bàjẹ́, omi tí ó ráyè wọ inú rẹ̀ ni ó sì ṣeé ṣe jù pé ó bà á jẹ́. Àyẹ̀wò epo tí wọ́n ṣe ní oṣù Keje ọdún 2018 ti fi hàn pé omi ti pọ̀ jù níbẹ̀. Èsì náà wà nílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́fà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ni wọn kò ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní, "Wọ́n ní epo tí wọ́n fà, wọ́n ní ibi àyẹ̀wò, wọ́n ní ìwé. Ẹ̀rọ lè ka ìwé tí ó tó ẹgbàarùn-ún lóru kan láìsùn, ìyẹn ni agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fi tipátipá mú ènìyàn dìde."

Nígbà tí ó lọ tán, mo wọ yàrá, mo wá ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé àtijọ́ jáde láti inú àpótí. Eruku ti bò ó. Mo ṣí i títí mo fi kan ojú ewé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, ó mọ́, ó gún régé, gbogbo àmì ohùn pé: "Bàbá Onílù sọ pé ohùn tiransifọ́mà ti yí padà. A gbọ́. A sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn." Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ fún mi, n ó fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Gbólóhùn náà sì ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Mo fún ọmọbìnrin náà ní ẹ̀dà ojú ewé yẹn. Ó kọ ọjọ́ ìpàdé náà àti ọjọ́ tí tiransifọ́mà bú sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ kìíní nípa àìsàn tiransifọ́mà àdúgbò wa nìyẹn, afura tí ó sì gbà á sílẹ̀ ni etí onílù.

Nígbà tí a pe ìpàdé àdúgbò, ó ṣàlàyé bí a ti jọ ṣe é. Àwọn bàbá mi orí nígbà tí ó pe afura. Bàbá Onílù ti papòdà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe dárúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, alága ní ta ni ó ní ìbéèrè. Ìyá Alákàrà dìde. Ó fi apá ọ̀tún di apá òsì mú, bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní: "Ọmọ mi, o ṣé, Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n rẹ. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí ẹ̀rọ rẹ bá pariwo lóru, ta ni yóò dìde?"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ yẹn. Ìbéèrè ìyá náà ni a fi ìyókù ìpàdé dáhùn. A yan ènìyàn mẹ́ta tí ìkìlọ̀ yóò máa wọ fóònù wọn. A gba nọ́ńbà tí a lè pè tọ̀sán-tòru ní iléeṣẹ́ tí ó ń pín iná, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn wá pa á. A sì fi òfin dè é pé kò sí ọ̀kankan nínú wa tí yóò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, tàbí tí yóò wọ inú ọgbà rẹ̀. A tún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pàtẹ ọjà lẹ́bàá rẹ̀ mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi àwọn afura náà sí i, wọ́n rí nǹkan kan. Nínú féèsì mẹ́ta tí ó ń gbé iná jáde, ẹrù tí ó wà lórí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù, ara ẹ̀rọ náà sì ń gbóná sí i ní alaalẹ́. Àwọn ènìyàn mẹ́ta náà pe iléeṣẹ́, òṣìṣẹ́ wá, wọ́n sì yí àwọn ilé kan sórí féèsì tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì sọ ohunkóhun ní tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kíláàsì kìíní ni ó ṣì wà, yóò pẹ́ kí àkọsílẹ̀ tiwa tó pọ̀ tó èyí tí yóò fi gbọ́n. Afura mélòó kan, ìwé kan, àti ènìyàn mẹ́ta tí ó dìde ni ó ṣe èyí tí a rí yìí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe sún mọ́ tiransifọ́mà nítorí ohun tí mo kọ yìí. Láti ibi tí ẹ dúró sí lókèèrè, ẹ lè gbọ́ bí ìró rẹ̀ bá yí padà, ẹ lè rí i bí epo bá ń jò, ẹ lè kọ ọjọ́ àti aago tí iná lọ àti ìgbà tí ó dé. Ẹ sọ ọ́ fún àgbà. Bí àgbà bá ní òun ti gbọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kí ni a ti ṣe sí i. Ẹ̀yin olùkọ́, bí a bá ń kọ́ wọn ní òwe, ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè ibi tí òwe náà ti lè gba ènìyàn là ní àdúgbò wọn.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Tẹ́lẹ̀, orí àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń gbé ìtumọ̀ òwe yìí kà fún àwọn ọmọ. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń tẹnu mọ́. Àwa gbọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọ́n. Mo ṣì jẹ́ akọ̀wé àdúgbò wa. Mo ti fa ìlà méjì sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìpàdé tuntun. Níwájú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá dìde sọ, mo ń kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan sí i, àti ọjọ́ tí yóò wá jábọ̀. Bí àyè méjèèjì kò bá tíì kún, n kì í jẹ́ kí alága kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.